Wọ́n fún ọmọ yín ní Horticulture? Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀

Tó bá ti di àsìkò tí àdìmíṣọ̀n ń jáde lórí CAPS, ìkànnì tí JAMB fi ń ṣètò àdìmíṣọ̀n, fóònù mi kì í sinmi. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti màmá kan ládùúgbò wa tí wọ́n ń ta ańkárá. Wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn wọn ti yí padà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, Pharmacy lọmọ yìí ní òun fẹ́ kà o, wọ́n wá fún un ní nǹkan kan tí ẹnu mi ò gbà, họ́tí... họ́tí kí ni? Àwọn kan ní òdòdó ni wọ́n á máa bomi rin fún odidi ọdún márùn-ún. Ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe ń dá èésú látọjọ́ yìí?"

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, torí Horticulture lèmi náà kà ní yunifásítì. Lọ́jọ́ tí mo rí i lórí àdìmíṣọ̀n tèmi, mi ò mọ ohun tó jẹ́, bàbá mi ò mọ̀ ọ́n, tíṣà tó kọ́ mi ní Biology gan-an ní iṣẹ́ gádínà ni. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún mi. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn, kí ọmọ tàbí òbí tó bá wà nírú ipò yẹn lè mọ ohun tó fẹ́ gbà tàbí ohun tó fẹ́ kọ̀ kó tó tẹ bọ́tìnì kankan.

Kí ni Horticulture gan-an?

Inú èdè Látìn lọ́rọ̀ yẹn ti wá, "hortus" túmọ̀ sí ọgbà. Ẹ ronú ọgbà ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà yín: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, ewúro, ìbẹ́pẹ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, bóyá òdòdó kan lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà yẹn ni Horticulture dá lé lórí, èso, ẹ̀fọ́, àwọn ewé àti hóró tó ń mú ọbẹ̀ ta sánsán, òdòdó, igi ẹ̀yẹ, títí dé koríko tí wọ́n ń tẹ́ síwájú ilé. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń hù, bí a ṣe ń sọ wọ́n di púpọ̀, ohun tó ń bá wọn jà, àti bí a ṣe ń gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á láì bàjẹ́ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó yà á sọ́tọ̀, tẹ́ ẹ bá ti di ọ̀kan yìí mú, ìyókù á yé yín. Tútù là ń tà á, tútù là ń jẹ ẹ́. Ẹ rò ó bí ẹja gbígbẹ àti ẹja tútù. Ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ lè sùn, bí ò tà lónìí á tà lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹja tútù sórí àtẹ, oòrùn ló ń wò. Àgbàdo gbígbẹ, ẹ̀wà, ìrẹsì, àwọn wọ̀nyẹn lẹ lè dì sínú àpò kí wọ́n dúró dè yín di ọdún tó ń bọ̀. Tòmátì ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lára ẹ̀ ló jẹ́ omi, àti pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti já a ó ṣì ń mí, ó ṣì ń jẹ ìwọ̀nba ṣúgà tó wà nínú ara ẹ̀, bí ooru bá sì ṣe ń mú un sí ló ṣe máa tètè jẹ ẹ́ tán. Nǹkan ẹlẹ́mìí lẹ gbé sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn. Ìyẹn ló fà á tí iṣẹ́ yìí fi gba kéèyàn fọwọ́ kan ohun ọ̀gbìn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó mọ ọjọ́, kó mọ wákàtí. Ìyẹn náà ló fà á tí owó ńlá fi lè jáde lórí ilẹ̀ kékeré, tí àdánù náà sì lè dé láàárín ọjọ́ méjì.

Ṣé kì í ṣe Agric náà ni?

Agric ni. Ṣùgbọ́n Agric tóbi bí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, ẹni tó bá ní òun ń lọ Bódìjà, ẹ máa bi í pé ìsọ̀ wo. Ìbàdàn kan náà yìí lẹ lè fi mọ̀ ọ́n. CRIN wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, àwọn ló ń ṣèwádìí kòkó, obì, kọfí, kaṣú àti tíì. IAR&T wà ní Moor Plantation, àgbàdo àtàwọn ohun ọ̀gbìn oko ńlá ni tiwọn. FRIN tó wà lórí òkè Jẹ́ríkò ló ni ọ̀rọ̀ igbó àti igi gẹdú. Kò jìnnà síbẹ̀ ni NIHORT wà, ní Ìdí-Ìṣin, ọdún 1975 ni ìjọba dá a sílẹ̀, èso, ẹ̀fọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òdòdó ni iṣẹ́ tiẹ̀. Ìlú kan náà, ilé iṣẹ́ mẹ́rin, igi àti ewé ni gbogbo wọn ń bá ṣe, síbẹ̀ oníkálukú ló ní ìsọ̀ tiẹ̀. Bí àwọn yunifásítì náà ṣe ń pín in nìyẹn. Ẹni tó ka Agronomy tàbí Crop Production, oko ńlá ló wà lọ́kàn ẹ̀, hẹ́kítà àgbàdo, gbágùúdá, sóyà. Ẹni tó ka Botany ń wádìí bí ewéko ṣe wà láàyè. Àwa ń wádìí ìyẹn náà, a tún gbọ́dọ̀ mọ ta ló máa rà á, ọjọ́ wo, àti irú ipò tó máa wà nígbà tó bá dé ọwọ́ ẹ̀.

Gádínà ńkọ́?

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú kéré gádínà, torí ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo mọ̀ lónìí, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Ohun tí dìgírì ń fi kún ti wọn ni ìdí. Ẹ wo hóró ewédú. Ẹni tó bá kàn bù ú tó lọ fọ́n ọn sórí bẹ́ẹ̀dì máa rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló hù, ìyókù á jókòó sínú ilẹ̀ bí òkúta. Àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ mọ ọgbọ́n ẹ̀ tipẹ́: wọ́n á di hóró náà sínú aṣọ, wọ́n á tì í bọ omi tó ń hó, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, wọ́n á yọ ọ́ kíá, wọ́n á tẹ́ ẹ sátẹ́gùn kó gbẹ, kí wọ́n tó fọ́n ọn. Tó bá wá hù, ṣe ló máa dí bí irun orí. Nínú kíláàsì lẹ ti máa gbọ́ pé èèpo hóró yẹn ló le débi tí omi ò fi lè wọlé, omi gbígbóná ló ń là á, tó bá sì pẹ́ jù níbẹ̀, ọmọ tó wà nínú hóró á kú. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìdí, ẹ lè ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó yẹ, ẹ lè ṣe é fún odidi àpò kan, lọ́jọ́ tí ò bá sì hù, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa wò. Ìyá tó kọ́ mi ní ti ewédú yẹn ò ka ìwé kankan o, ẹ má gbàgbé ìyẹn tẹ́ ẹ bá gba sàtífíkéètì yín tán.

Kí ni wọ́n ń kọ́ fún ọdún márùn-ún?

B.Agric lorúkọ dìgírì náà lọ́pọ̀ ibi. Ní 100 level, kò sí ọgbà kankan, kẹ́mísírì, báyọ́lọ́jì, físíìsì, máàtì àti GST (ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ yunifásítì jọ ń kà) ni, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń rò pé wọ́n tan àwọn jẹ. Ní 200 àti 300 level, gbogbo Agric ni wọ́n máa fi yí yín ká, ilẹ̀ àti ajílẹ̀, adìyẹ, màlúù, ọrọ̀ ajé àgbẹ̀, kòkòrò, àrùn ewéko, ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ohun téèyàn rí lóko jẹ́ òótọ́ tàbí ó kàn ṣèèṣì. Ọ̀pọ̀ máa ń kùn pé kí ló kan àwọn kan màlúù, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ màlúù ọ̀hún lẹ máa padà wá bẹ̀bẹ̀ fún nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin ata.

400 level lọdún oko. Ẹ máa ra bàtà òjò, àdá àti ọkọ́, wọ́n á pín ilẹ̀ fún yín, ẹ ò ní jókòó sí kíláàsì bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ máa gbìn, ẹ máa ro, ẹ máa tà, lọ́pọ̀ ibi wọ́n á tún rán yín lọ sí ilé iṣẹ́ kan láti kọ́ṣẹ́. Kùkúḿbà ni mo gbìn lórí ilẹ̀ tèmi. Ó so dáadáa, mo ń ká a ní ọjọ́ kejì kejì, àwọn ìyá ọlọ́jà ń wá bá mi lóko. Ni mo bá lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Fáídè, mi ò padà àfi ọjọ́ Túsìdé. Kùkúḿbà tí mo fi sílẹ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ ti wú, ó ti ń pọ́n ní ìdí, hóró inú ẹ̀ ti le. Ìyá tó máa ń rà á gbé ọ̀kan sókè, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó gbé e padà sílẹ̀, ó ní "Ọmọ mi, èyí ti gbó." Kò bá mi jà, kò sì rà á. Àwọn tó ti gbó yẹn tún jẹ́ kí igi ẹ̀ dín síso kù, torí nígbà tó bá ti rí i pé òun ti bí ọmọ tó gbó, ara ẹ̀ á balẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ohun tí wọ́n ń pè ní Horticulture tó yé mi, mo ti kàwé ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kó tó dìgbà yẹn.

500 level ni ẹ máa wá kọ́ èso lọ́tọ̀, ẹ̀fọ́ lọ́tọ̀, òdòdó lọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ọgbà sórí pépà kí wọ́n tó gbìn ín, ìtọ́jú lẹ́yìn ìkórè, bí wọ́n ṣe ń mú irú tuntun jáde, àti próójẹ́ẹ̀tì yín.

Ọsàn kan ṣoṣo, kí ẹ lè rí bí iṣẹ́ náà ṣe rí

Ọsàn tó bá hù láti inú hóró máa ń pẹ́ kó tó so, ó lè tó ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó máa ń lẹ́gùn-ún, ó tún máa ń ga gògòrò. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyí. Ẹ kọ́kọ́ gbin hóró lẹ́mọ́ọ̀nù, irú èyí tí èèpo ẹ̀ rí gbágungbàgun, torí gbòǹgbò ẹ̀ lágbára, ó ń fara da ọ̀dá. Tó bá ti nípọn tó pẹ́ńsù, ẹ mú ọ̀bẹ tó mú tó sì mọ́, ẹ fà á lára igi kékeré náà ní ìlà méjì, ọ̀kan níbùú, ọ̀kan lóòró, bíi lẹ́tà T, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sílẹ̀. Èèpo nìkan lẹ fẹ́ là, ọ̀bẹ ò gbọ́dọ̀ wọ igi lọ. Ẹ wá lọ sídìí ọsàn dídùn kan tó ti ń so dáadáa, ẹ gé ẹ̀ka kan, ẹ wo ibi tí ewé kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ ẹ̀ka, nǹkan kékeré kan yọ níbẹ̀, ojú là ń pè é. Ojú yẹn lẹ máa fi ọ̀bẹ ṣí kúrò pẹ̀lú èèpo tín-ín-rín, ẹ ṣí èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ là, ẹ ki ojú náà bọ̀ ọ́, ẹ wá fi ọ̀rá wé e pinpin. Ìka yín ò gbọ́dọ̀ kan abẹ́ ojú náà, èrùpẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kàn án, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ débi tó máa gbẹ.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ tú ọ̀rá. Tí ojú náà bá ti dúdú, ó ti kú nìyẹn. Tó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, wọ́n ti jọ di ara kan, ẹ lè gé orí lẹ́mọ́ọ̀nù kúrò kí gbogbo ohun tí gbòǹgbò ń fà máa lọ sínú ọsàn. Irú igi bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, adùn èso ẹ̀ á sì dà bí ti igi tẹ́ ẹ ti mú ojú ẹ̀ wá. Nínú ogún tí mo kọ́kọ́ ṣe, mẹ́fà ló yè. Ọwọ́ ló ń kọ́ ọ, orí nìkan ò lè kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé tí èrò yín bá jẹ́ láti jókòó sí ọ́fíìsì láti aago mẹ́jọ títí di mẹ́rin, ẹ tún inú rò.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ tòmátì fi ń wọ inú ìwé?

Tòmátì tó ń wọ ọjà Mile 12 l'Ékòó, ọ̀pọ̀ ẹ̀ wá láti Kánò, Kàdúná àti agbègbè wọn. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ nínú tírélà, nínú ooru, lórí ọ̀nà tí ò dáa, èyí tó wà nísàlẹ̀ á di omi kó tó dé. Ẹ̀kọ́ kan wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn ìkórè nìkan ló dá lé lórí: ìgbà wo lójúmọ́ ló yẹ kéèyàn ká a, báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ pọ́n tó kó tó wọ ọkọ̀, kí nìdí tí kéréètì oníke tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá fi dáa ju apẹ̀rẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ.

Inú ẹ̀kọ́ yẹn náà lẹ ti máa mọ ìdí tí ìyá yín fi ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè pọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń sọ fún ìyókù pé ó ti tó àkókò, tẹ́ ẹ bá bò ó, kò ní ráyè jáde. Ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ò rí bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ká a láìdùn, kò ní dùn mọ́. Àwọn tó ń fi kábáìdì mú èso pọ́n ń wá ohun tó jọ afẹ́fẹ́ yẹn ni, àmọ́ kábáìdì tí wọ́n ń lò lọ́jà máa ń ní májèlé bí arsenic nínú, NAFDAC sì ti kìlọ̀ fún wọn láìmọye ìgbà. Ẹni tó ka Horticulture mọ ọ̀nà tí ò léwu láti ṣe iṣẹ́ kan náà, a kàn ń fẹ́ kí wọ́n bi wá ni.

Ti kòkòrò náà tún wà. Lọ́dún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta wọ oko tòmátì nílẹ̀ Hausa, ó le débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì lórí tòmátì, àwọn èèyàn ń pè é ní Èbólà tòmátì. Ìdin ẹ̀ máa ń gbé inú ewé àti inú èso, oògùn téèyàn bá fọ́n sójú ewé lè má bá a. Ẹ rántí iye tí tòmátì di lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá ní òdòdó nìkan là ń gbìn, ẹ bi í pé ta ló yẹ kó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bọ̀ kó tó débi ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀.

Kí lèèyàn nílò láti wọlé, ibo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ?

Krẹ́díìtì márùn-ún ni, Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Máàtì àti Kẹ́mísírì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú Báyọ́lọ́jì tàbí Agric. Ní JAMB, Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Kẹ́mísírì, Báyọ́lọ́jì tàbí Agric, àti Físíìsì tàbí Máàtì ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo brochure JAMB ti ọdún yẹn gan-an fún ilé ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ fẹ́, torí wọn kì í dọ́gba. FUNAAB ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka Horticulture tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ní UI, ẹ̀ka Crop and Horticultural Sciences ló wà níbẹ̀. Láwọn yunifásítì mìíì, inú Crop Science ni wọ́n máa ń kó o sí, ẹ má torí orúkọ rò pé kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ND tàbí HND, Federal College of Horticulture wà ní Dadin Kowa, ìpínlẹ̀ Gòḿbè, tó bá sì ní ND tó dáa, ó lè gba Direct Entry wọ 200 level.

Tí CAPS bá ní wọ́n ti gbé yín lọ sí Horticulture ńkọ́?

Ibí yìí ni omijé pọ̀ jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé máàkì yín ò tó fún kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ mú tàbí àyè ibẹ̀ ti kún, ilé ẹ̀kọ́ náà wá rí àyè fún yín níbòmíì. Lórí CAPS ẹ máa rí i pé wọ́n fẹ́ gbé yín lọ, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́ pé ẹ gbà tàbí ẹ ò gbà. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, àyè náà lè bọ́. Tẹ́ ẹ bá kọ̀ ọ́, ẹ má retí pé ẹ máa padà wá bá a níbẹ̀.

Èrò tèmi nìyí, mi ò sì ní fi dídùn pọ́n ọn. Ẹ má gbà á pẹ̀lú ìrètí pé ẹ máa fò sí Pharmacy tàbí Medicine ní 200 level. Wọ́n á sọ fún yín pé ó ṣeé ṣe, àwọn díẹ̀ ti ṣe é, ṣùgbọ́n máàkì tó ga gan-an ni wọ́n ń béèrè, ẹ̀ka tẹ́ ẹ sì fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ láyè. Mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó fi ọdún méjì wo ẹ̀yìn, wọn ò fò, wọn ò sì kọ́ ohun tó wà níwájú wọn. Tó bá jẹ́ Pharmacy ló wà lọ́kàn ọmọ tọkàntọkàn, kó tún JAMB ṣe, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé sáyẹ́ǹsì ló fẹ́ràn, tọ́wọ́ ẹ̀ kì í dúró, tó máa ń fẹ́ mọ ìdí tí ewé fi pọ́n, kó gbà á.

Iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀?

Iṣẹ́ ìjọba wà, kò pọ̀: NIHORT, àwọn tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní ẹnubodè, àjọ tó ń rí sí irúgbìn, LASPARK tó ń tọ́jú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ l'Ékòó. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣiṣẹ́ aládàáni. Àwọn kan ń bójú tó ata àti kùkúḿbà nínú greenhouse, ilé tí wọ́n fi ọ̀rá bò láti gbin nǹkan sí, níbi tí omi ti ń kán díẹ̀díẹ̀ látinú páìpù sídìí ewéko kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà nílé iṣẹ́ tó ń ta irúgbìn, wọ́n ń lọ láti oko dé oko. Àwọn ẹ̀sìtéètì àti òtẹ́ẹ̀lì ń wá ẹni tó lè tún àyíká wọn ṣe. Ẹ wo àwọn ọ̀rá dúdú tó tò sétí títì Lẹ́kí, ixora, koríko kápẹ́ẹ̀tì, igi masquerade, owó gidi wà nídìí ẹ̀, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ igi kan di ọgọ́rùn-ún ló ń kó o. Ní Kẹ́ńyà, òdòdó rose tí wọ́n ń gbìn létí adágún Naivasha ń wọ bàálù lọ sí Netherlands. Owó ìbẹ̀rẹ̀ níbi tiwa kì í pọ̀ o, mi ò ní parọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ dá tiẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wá omi kó tó wá ilẹ̀.

Ọmọ màmá tó ń ta ańkárá gbà á nígbẹ̀yìn. Ó ti wà ní 300 level báyìí. Ó wálé lásìkò òjò tó kọjá, ó bá lẹ́mọ́ọ̀nù kan tó dá hù lẹ́yìn ilé wọn, ó ní kí n bá òun wá ojú ọsàn dídùn, mo gé ẹ̀ka kan fún un. Ìdánwò ti pè é padà sílé ẹ̀kọ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, màmá ẹ̀ ló wá tú ọ̀rá náà. Mo wà lóko nígbà tí wọ́n pè mí, wọn ò tiẹ̀ kí mi, ohun tí wọ́n kàn ń sọ ni, "Ó tutù o. Ó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Kí ni ká gé báyìí?"